Láti Orí Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Òṣùwọ̀n fún Ohun Èlò Ẹ̀kọ́ Yorùbá

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ọ̀rọ̀ yìí bá iṣẹ́ olùkọ́ mu púpọ̀, nítorí kí olùkọ́ tó gbé ohun èlò kankan wọ kíláàsì ni ó yẹ kí ó ti mọ ibi tí ó dára sí àti ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó sí. Ní ti ìwé títẹ̀, ó ti mọ́ wa lára láti ṣe bẹ́ẹ̀. A máa ń wo orúkọ òǹkọ̀wé, a máa ń wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, a sì máa ń wo àkọtọ́ tí wọ́n fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ti ohun tí a ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tí fóònù bá ti gbé wá, a gbà pé ó tọ́.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa tí ó mú wa ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. A ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìtumọ̀ wọn. Ọmọ kan kọ "oko", "oko" àti "oko" sí orí ìlà mẹ́ta. Ó ní àkọ́kọ́ ni ibi tí àgbẹ̀ ń dá, èkejì ni ohun tí ó fi ń ro ilẹ̀, ẹ̀kẹta sì ni ohun tí ó fi ń kó irè lọ sí ọjà. Nígbà tí a bi í léèrè, ó ní bí òun ti rí i lórí fóònù bàbá òun ni òun ṣe dà á kọ. A wo ojú ìwé náà fúnra wa, a sì rí i pé ọmọ náà kò purọ́. A ti gé máàkì rẹ̀ kí a tó wò ó, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni a ti ń bi ara wa pé ta ni ó kùnà gan-an: ọmọ tí ó da ọ̀rọ̀ kọ, tàbí àwa tí a rán an níṣẹ́ láìfún un ní òṣùwọ̀n?

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣe àyẹ̀wò bí olùkọ́ Yorùbá ṣe lè díwọ̀n ohun èlò ẹ̀kọ́ tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú ìtàn ni a ó fi wò ó. Èrò wa ni pé ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun. Gbogbo ẹ̀rọ tí ó ti dé bá èdè wa ni ó fẹ́ kọ ọ́ ní ọ̀nà tí ó rọ ẹ̀rọ náà lọ́rùn. Àwọn ènìyàn tí ó jókòó, tí wọ́n wo iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n sì sọ pé báyìí ni ó tọ́, ni kò jẹ́ kí ẹ̀rọ pinnu fún wa.

2. Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó kọ́kọ́ dé. Ní 1843 ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 tí wọ́n sì gbà sílẹ̀ lójú omi ní 1822, tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1852 ni ẹ̀dà tí wọ́n mú gbòòrò sí i, tí ó ní gírámà nínú, tún jáde. Ìṣòro tí ó dojú kọ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé. Fáwẹ́lì àìránmúpè méje ni Yorùbá ní, ṣùgbọ́n lẹ́tà márùn-ún péré ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń kọ fáwẹ́lì. Ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní, Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní ohun kankan tí a lè fi kọ ohùn.

Wọn kò jẹ́ kí àìsí lẹ́tà yìí pinnu bí èdè yóò ṣe rí. Ní 1855 ni Lepsius, onímọ̀ ará Jámánì, gbé ìlànà lẹ́tà jáde fún kíkọ àwọn èdè tí kò tíì ní àkọsílẹ̀, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ Yorùbá nígbà náà sì fi ojú sí i. Ní 1875 ni wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó lórí àkọtọ́ Yorùbá. Irú àríyànjiyàn àti àpérò báyìí ni ó fi ẹsẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ múlẹ̀ nínú ìwé wa. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn: kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó fún wa ní lẹ́tà wọ̀nyí; ènìyàn ni ó ní kí ẹ̀rọ lọ wá wọn.

Ti àmì ohùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, àti Bíbélì tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, mú kí ìwé kíkà tàn kálẹ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n àmì ohùn kò pé nínú ọ̀pọ̀ ìwé ayé ìgbà náà. Àgbàlagbà tí ó ti gbọ́ Yorùbá láti kékeré lè fi òye gbé e, kí ó sì kà á geere. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, láti ilẹ̀ ni a ti ní ìwé méjì nínú ìwé kan: èyí tí àgbà ń kà àti èyí tí ọmọ kò rí kà.

3. Táípúráítà, Rédíò àti Tẹlifíṣàn

Nígbà tí táípúráítà dé ọ́fíìsì àti ilé-ìwé, ìṣòro náà tún yọjú. Kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ lójú rẹ̀. Àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí yóò rántí bí a ti ń tẹ ìbéèrè ìdánwò tán kí a tó mú bírò, tí a ó sì máa fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà àti sí orí fáwẹ́lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, tí ọjọ́ ìdánwò sì ti dé tán, àmì orí ni a kọ́kọ́ máa ń fi sílẹ̀. Bí a ṣe kọ́ ara wa nìyẹn pé àmì ohùn jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán, nígbà tí ó jẹ́ pé ara ọ̀rọ̀ gan-an ni.

Síbẹ̀, sáà yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ èdè wa fi òṣùwọ̀n wọn ohun tí a ti ń kọ. Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé rẹ̀ lórí àkọtọ́ Yorùbá jáde ní 1965. Wọ́n yan Ìgbìmọ̀ Àkọtọ́ Yorùbá ní 1966, ní 1974 sì ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò títí di òní. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, ti Ọládélé Awóbùlúyì sì tẹ̀ lé e ní 1990, kí olùkọ́ lè fi Yorùbá kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀ láìmáa yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ìgbà.

Ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6, àyàfi Gẹ̀ẹ́sì tí ó dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Kò sí ìwé ìṣirò tàbí ìwé sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá tí ó tó wọn lò. Wọ́n ní láti kọ ọ́, kí wọ́n lò ó ní kíláàsì, kí wọ́n wo ibi tí ó ti kùnà, kí wọ́n sì tún un kọ. Ọ̀nà yìí ni ó yẹ kí a tọ̀ pẹ̀lú ohun èlò orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú: ojú ọmọ nínú kíláàsì ni a ti ń dá ohun èlò mọ̀.

Ti rédíò àti tẹlifíṣàn yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, 1959, ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe. Ní 2020 pẹ̀lú, nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí àwọn ilé-ìwé ti ilẹ̀kùn, orí rédíò àti tẹlifíṣàn ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tún sá lọ. Etí ni a fi ń gba ẹ̀kọ́ láti inú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, nítorí náà ohùn kò sọnù nínú wọn. Kókó yìí ṣe pàtàkì, a ó sì padà sí i.

4. Kọ̀ǹpútà àti Lẹ́tà Yorùbá

Nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ dé, olúkúlùkù ni ó ń dá lẹ́tà Yorùbá tirẹ̀ ṣe. Wọn a mú àmì kan tí a kì í sábà lò, wọn a sì ya ẹ tàbí ọ sí ojú rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ṣe é, iṣẹ́ náà a gún régé. Bí a bá gbé e lọ sórí òmíràn, a di wúruwùru. Iṣẹ́ tí a fi ọ̀nà yìí tẹ̀ kò ṣeé kà mọ́ bí ẹ̀rọ tí a fi tẹ̀ ẹ́ bá ti bàjẹ́.

Ní 1991 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ Unicode jáde. Ìlànà yìí fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí gbogbo kọ̀ǹpútà lè mọ̀ ọ́n níbi gbogbo. Lẹ́tà á, à, é àti è wà níbẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn èdè ilẹ̀ Yúróòpù ń lò wọ́n. Lẹ́tà ẹ àti ọ náà ní nọ́ńbà tiwọn. Èdè Vietnam ń lò wọ́n bí àwa náà ti ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà tiwọn. Nọ́ńbà méjì ni a ń so pọ̀ kí a tó rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ti lẹ́tà, lẹ́yìn náà ti àmì ohùn.

Ohun méjì ni ó ti ibẹ̀ wá tí olùkọ́ ní láti mọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí kò mọ ìsopọ̀ yìí dáadáa, àmì lè yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà kí ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó sí ipò rẹ̀. Ohun tí òǹkọ̀wé kọ lè tọ̀nà, kí ó sì jẹ́ pé ẹ̀rọ ọmọ ni kò lè gbé e. Ìkejì ni pé a lè gba ọ̀nà púpọ̀ tẹ ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹnìkan lè tẹ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Ẹlòmíràn lè tẹ o kí ó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn tún lè fi ìlà kékeré tí ó dúró gbọnrangandan rọ́pò ẹ̀tọ́ abẹ́ rẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n lè yàtọ̀ lójú ẹ̀rọ. Bí a bá wá "ọkọ̀" lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a kò rí i, kò túmọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀.

5. Ohun tí a ń bá pàdé lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun rere pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún olùkọ́ Yorùbá. A lè pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin.

(i) Ìwé àtijọ́. Ìwé Crowther ti 1852 wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọrọ̀ ńlá ni èyí fún olùkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìdí tí ó fi jẹ́ ọ̀fẹ́: ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí rẹ̀ ti parí. Ìwé tuntun tí a fi àkọtọ́ òde-òní kọ sábà máa ń wà ní títà. Nítorí náà, ohun tí ó rọrùn jù lọ fún ọmọ láti rí ni ohun tí àkọtọ́ rẹ̀ ti pẹ́ jù lọ. Inú irú ìwé àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí "aiye" dípò "ayé", "ẹiyẹ" dípò "ẹyẹ", "enia" dípò "ènìyàn", "nwọn" dípò "wọ́n", "yio" dípò "yóò", àti "Offa" dípò "Ọ̀fà". Ọmọ tí ó bá da irú èyí kọ sínú ìdánwò yóò pàdánù máàkì, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé òun ṣẹ̀.

(ii) Ohun tí àwọn ènìyàn òde-òní kọ. BBC bẹ̀rẹ̀ ìròyìn ní èdè Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2018. Kọ́lá Túbọ̀sún dá àkójọ orúkọ Yorùbá sílẹ̀ ní YorubaName.com, níbi tí a ti fi àmì ohùn sí orúkọ, tí a sì ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀. Wikipedia náà wà ní èdè Yorùbá. Ẹnikẹ́ni ni ó lè kọ sínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè tún un ṣe. Èyí ni àbùkù rẹ̀, èyí náà sì ni iyì rẹ̀, nítorí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ bí a ti ṣe ń tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá rí àṣìṣe níbẹ̀ lè tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, èyí tí kò lè ṣe sí ìwé títẹ̀.

(iii) Ohun tí ẹ̀rọ túmọ̀. Ní 2013 ni Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń túmọ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́ èdè láti inú ohun tí ènìyàn ti kọ sílẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a kọ sílẹ̀ kò bá ní àmì ohùn, inú àìpé náà ni ẹ̀rọ yóò ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìwà àìfàmì-sí-ọ̀rọ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ nídìí táípúráítà ti wá di ohun tí ẹ̀rọ fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa.

(iv) Ohùn àti àwòrán. Fídíò àti ohùn tí a gbà sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ìjálá, ẹkún ìyàwó, oríkì tàbí àlọ́, wà púpọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí a ti sọ nípa rédíò, ohùn kì í sọnù nínú irú èyí. A gbà pé fún lítíréṣọ̀ alohùn, ìwọ̀nyí wúlò ju ọ̀pọ̀ ojú ìwé tí a tẹ̀ láìní àmì lọ. Ohun tí olùkọ́ ní láti wádìí ni ẹni tí ó ń ké e, ìlú tí ó ti wá, àti ayẹyẹ tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀.

6. Òṣùwọ̀n tí a dábàá

Láti inú ìtàn tí a ti tọ̀ yìí, ìbéèrè márùn-ún ni a rò pé ó yẹ kí olùkọ́ bèèrè.

Àkọ́kọ́, ta ni ó kọ ọ́, nígbà wo sì ni? Bí kò bá sí orúkọ, tí kò sí ọdún, kí a má ṣe rán ọmọ lọ síbẹ̀ láìjẹ́ pé àwa fúnra wa ti kà á tán.

Èkejì, àkọtọ́ wo ni wọ́n fi kọ ọ́? Bí ó bá jẹ́ ti ṣáájú 1974, kí a sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó kà á. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú àkọtọ́ àtijọ́. Ohun tí ó burú ni kí ọmọ máà mọ̀ pé àtijọ́ ni.

Ẹ̀kẹta, ṣé àmì ohùn pé, ṣé ó sì tọ̀nà? Kí olùkọ́ wá ọ̀rọ̀ bí igba, igbá, ìgbà àti igbà nínú rẹ̀, tàbí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Bí a kò bá lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ síra, ibi tí iṣẹ́ náà dé nìyẹn. Kí a kíyè sí i pé àmì tí a ṣì fi sí ọ̀rọ̀ burú ju àìsí àmì lọ, nítorí ó fi ìgboyà kọ́ ọmọ ní àṣìṣe.

Ẹ̀kẹrin, ṣé Yorùbá ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì tí ó wọ agbádá? Kí a kà á sókè. Bí etí bá kọ̀ ọ́, kí a kọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ gírámà, kí a wò ó bóyá èdè-ìperí tí a fi ẹnu kò sí ni ó ń lò.

Ẹ̀karùn-ún, ṣé ó ṣeé lò ní ibi tí a wà? Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa ni iná kì í dúró níbẹ̀, owó dátà sì wọ́n. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ní 2013, inú ẹ̀rọ náà gan-an ni wọ́n kó ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sí, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè kàwé láìwọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí ni kí olùkọ́ máa tọ́jú ẹ̀dà ohun tí ó bá rí pé ó dára. Ojú ìwé tí a rí lónìí lè pòórá lọ́la.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, táípúráítà àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n dé pẹ̀lú lẹ́tà tí kò tó wa lò, àti pé ènìyàn ni ó tún wọn ṣe fún wa. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí ó lè kọ Yorùbá pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wa báyìí, ó wà lórí fóònù pàápàá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń tẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò láìní àmì, tí a sì ń gé máàkì ọmọ tí ó bá ṣe ohun kan náà. Ẹ̀yin olùyẹ̀wò ìdánwò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìbéèrè tí ẹ bá tẹ̀ pẹ̀lú àmì tí ó pé ni òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ tí ọmọ yóò rí. Ẹ tún lè mú àyọkà kan tí kò ní àmì láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àmì sí i. Nípa bẹ́ẹ̀, àbùkù ohun èlò náà yóò di ẹ̀kọ́.

Ohun tí a ṣe ní kíláàsì wa nìyẹn. A kọ "oko" mẹ́ta tí ọmọ náà mú wá sí ojú pátákó, a sì ní kí gbogbo kíláàsì wá ohun tí ó sọnù lórí wọn àti ní abẹ́ wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí oko, ọkọ́ àti ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni a dá máàkì ọmọ náà padà fún un, nítorí ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó kọ tọ̀nà. Ó gbọ́ ohùn wọn dáadáa, ojú ìwé tí ó kà ni kò gbọ́. A rọ ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní ìlú kọ̀ọ̀kan kí wọ́n yan olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa fi irú òṣùwọ̀n yìí yẹ ohun èlò orí íntánẹ́ẹ̀tì wò ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi orúkọ àwọn tí ó yege ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Bí àwa tí a mọ èdè kò bá ṣe é, ẹ̀rọ kò ní bá wa ṣe é.